Àmín Mẹ́sàn-án

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa láàárín oṣù kejì sí ìparí oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni mo fẹ́ kọ síbí, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ni mo máa kọ ọ́, mi ò sì ní yọ ti ara mi kúrò torí èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ ṣe Àmín.

Kẹ́mta ni Màmá wa ń gbé, nílé tí bàbá wa kọ́ kí wọ́n tó kú. Èmi ń gbé ní Àsẹ́rò, ṣọ́ọ̀bù mi sì wà ní Ìtòkú níbi tí mo ti ń ta àdìrẹ. Láti ṣọ́ọ̀bù mi dé ẹnu ọ̀nà Màmá, ọ̀kadà ò lè lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kódà kí ọlọ́kadà tún yà ra epo lọ́nà. Mo tètè ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má lọ rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó sá lọ sókè òkun tí wọ́n gbàgbé ìyá wọn ni. Rárá o, èmi tí mo wà nítòsí ni mo gba ipò kìíní.

Àwa márùn-ún ni Màmá bí. Bọ̀ọ̀dá Èkó ni àkọ́bí, Àǹtí Ìbàdàn ló tẹ̀lé wọn, èmi ni ẹnìkẹta, lẹ́yìn mi ni àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Kánádà, àbíkẹ́yìn wa sì wà l'Ábùjá. Màmá ti pé ẹni ọdún 77. Aláró ni wọ́n, ọmọ Kẹ́mta gidi, àwọn àgbà ibẹ̀ sì máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú fáàrí pé agboolé Jojola ní Kẹ́mta níbẹ̀ ni àdìrẹ ti bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, torí náà Màmá ò kọ́ṣẹ́ àdìrẹ bí àwa ṣe kọ́ ọ, inú ẹ̀ ni wọ́n dàgbà sí. Nígbà tí a wà ní kékeré ọwọ́ wọn dúdú títí dé ìgbọ̀nwọ́, ọwọ́ yẹn náà ni wọ́n fi ń wẹ̀ wá.

Tẹ́lẹ̀, tí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, ilé Màmá ni àwa tí a wà nítòsí máa ń forí lé, láfún àti ewédú ti máa ń dúró dè wá (Ẹ̀gbá mà ni wá, ẹ má fi àmàlà dúdú lọ̀ wá), Bọ̀ọ̀dá náà sì máa ń wá láti Èkó ní ìparí oṣù. Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020 tí ìjọba ti Èkó àti Ògùn pa, a dá gúrúùpù sílẹ̀ lórí WhatsApp, a pè é ní Ilé Màmá, àbúrò mi ní Kánádà wá fi tábúlẹ́ẹ̀tì gbàǹgbà kan ránṣẹ́, ó ní "kí Màmá lè máa rí wa dáadáa." Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi gbólóhùn yẹn sápò. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sunday ni a máa ń pe fídíò kọ́ọ̀lù. Kòrónà lọ, fídíò kọ́ọ̀lù ò lọ. Ìgbà tó wá di 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí owó ọkọ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta bẹ́ sókè, kálukú ti rí àwáwí: ṣebí a ń rí Màmá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a ń gbọ́ ohùn wọn, kí la tún ń wá?

Mi ò bú fóònù o. Ọmọ Abẹ́òkúta kọ́ ló yẹ kó máa bú ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà rìn, ìlú yìí náà ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní 1859. Nígbà tí GSM dé ní 2001 bàbá wa wà lára àwọn tó tètè ra láìnì ní àdúgbò wa, wọ́n á gun àtẹ̀gùn lọ sókè kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè wọlé, wọ́n á máa pariwo "hẹ́lòó" tí gbogbo Kẹ́mta á gbọ́ pé bàbá wa ń bá èèyàn Ìbàdàn sọ̀rọ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé ó ní ohun tí fóònù lè gbé, ó sì ní èyí tí kò lè gbé, àwa ò sì fìgbà kankan bi ara wa léèrè èyí tí kò lè gbé.

Ẹni tó ń bá Màmá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì dání ni Ìyá Kékeré. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ọmọ mọ̀lẹ́bí wa kan tó ń gbé pẹ̀lú wọn, orúkọ ìyá Màmá ló ń jẹ́ ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn wúwo jù fún un, torí náà ohun tí a sábà máa ń rí ní Sunday ni gèlè, ìdajì iwájú orí Màmá, àti fáànù tó ń yí lókè. A ó máa kígbe "Màmá a ò rí yín o, ẹ sún mọ́ ọn!" lójijì imú Màmá á kún ojú fóònù, a máa rẹ́rìn-ín, ẹnì kan á ní Màmá ti sanra. Ogún ìṣẹ́jú, ó parí, ó dìgbà.

Ní Sunday kan nínú oṣù kejì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì burú, fídíò ò wọlé. Ìyá Kékeré bá Màmá tẹ máìkì, Màmá fi fọ́ìsì nóòtì ránṣẹ́ sí gúrúùpù, 1:48 ni gígùn ẹ̀. Ẹ mọ̀ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe lórí WhatsApp, àdúrà àárọ̀, àdúrà alẹ́, àdúrà oṣù tuntun, àdúrà ìdajì ọdún. Mo wà lórí ìlà níwájú ẹni tó ń ṣe POS ní Pánsẹ́kẹ́, mo rí i tó wọlé, mo tẹ "Àmín Màmá 🙏", mi ò tẹ̀ ẹ́ gbọ́, mo ní tí mo bá délé. Àǹtí Ìbàdàn tẹ "Àmín ìyá mi." Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá tẹ Àmín lórúkọ Jésù. Kánádà fi ọwọ́ àdúrà mẹ́fà ránṣẹ́, Bọ̀ọ̀dá tẹ Àmín láṣẹ Èdùmàrè, àwọn ọmọ náà tẹ tiwọn. Nínú àwa mẹ́wàá tó wà nínú gúrúùpù yàtọ̀ sí Màmá, Àmín mẹ́sàn-án ti wọlé kó tó di alẹ́. Ẹnì kan tí kò ṣe Àmín, dátà ẹ̀ ló tán.

Àmì wà o, àwa la ò wo ibẹ̀. Tí mo bá ti rẹ aṣọ tuntun láró, mo máa ń ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí Màmá kí wọ́n bá mi wò ó. Kí ẹ mọ irú ẹni tí Màmá jẹ́: wọn kì í yin aṣọ. Tí ẹ bá gbé aṣọ fún wọn, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa gbé e lọ níbi tí oòrùn wà, wọ́n á na án, wọ́n á yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò, wọ́n á fi àtàǹpàkò ra igun ẹ̀, wọ́n á gbé e sún mọ́ imú, wọ́n á wá ní aró yìí ò tíì mu, o ti kánjú yọ ọ́, tàbí kí wọ́n ní ẹ̀kọ yìí ti sán kó o tó rì í, wo ibi tí aró ti yọ́ wọlé. Ẹ̀kọ tí mo ń wí yìí, láfún tí a fi álọ́ọ̀mù sè ni, ìyẹ́ adìyẹ la fi ń kọ ọ́ sára aṣọ kí aró má bàa débẹ̀, tó bá gbẹ jù á sán wẹ́wẹ́, kò sì sójú tó tètè ń rí sísán yẹn bíi ti Màmá. Ẹni yẹn ni mo fi fọ́tò aṣọ mẹ́rìnlá ránṣẹ́ sí láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹfà, tí wọ́n ń sọ fún mi pé "ó dáa, ó mà dáa gan-an." Inú mi ń dùn, mo ní ọwọ́ mi ti wá gún wàyí. Mo tiẹ̀ fowó lé aṣọ.

Lọ́jọ́ Àjíǹde gbogbo wa pé sí Kẹ́mta, àfi Kánádà. Èèyàn mẹ́rìnlá nínú pálọ̀ kan, fóònù tó wà níbẹ̀ sì ju mẹ́rìnlá lọ torí Bọ̀ọ̀dá ń lo méjì. Ọmọ ọmọ Àǹtí, ọmọ ọdún mẹ́ta, ti gba tábúlẹ́ẹ̀tì Màmá ó ń wo eré, ẹnì kan sì ń sọ pé Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti sọ láti 2019 pé ọmọ tó wà láàárín ọdún méjì sí mẹ́rin ò gbọdọ̀ lò ju wákàtí kan lọ nídìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lóòjọ́, ẹni tó ń sọ ọ́ ò gbójú kúrò lórí fóònù tiẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló ti ń kà á fún wa. Màmá jókòó sórí àga wọn, wọ́n ń yí orí síbi tí ohùn bá ti jáde, ṣùgbọ́n ohùn ò fi bẹ́ẹ̀ jáde. A jẹun. Bọ̀ọ̀dá ní ká ya fídíò fún Kánádà, a ya á, a wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a gbé e sí status, a kọ "Ìyá ni wúrà" sí i lábẹ́, àwọn èèyàn ń kí wa pé ẹ kú oríire Màmá. Nígbà tí a ń lọ, Màmá ní, "Ẹ wá wò mí, ẹ ò wò mí." A rẹ́rìn-ín. A ní ọ̀rọ̀ àgbà.

Ọjọ́rú kan nínú oṣù kẹfà ni àṣírí tú, ká ní fóònù mi ò kú ni kò bá má tú. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ agbada aró, mò ń wo bó ṣe ń hó, fóònù yọ́ látinú àpò bùbá mi, ó bọ́ sínú ẹ̀ pọ̀ọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ kọ́sítíìkì àti áídírò, àwọn kẹ́míkà tí a ń dà sínú aró òde òní, á mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń sáré ti ọwọ́ bọ ibẹ̀. Ìgbà tí a fi igi wá a jáde ó ti di àdìrẹ. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń pe Màmá lójoojúmọ́, ara mi ò lélẹ̀, mo ní tí wọn ò bá gbúròó mi wọ́n á rò pé nǹkan ṣe mí, mo gun ọ̀kadà.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo débẹ̀. Iná wà, àmọ́ Màmá ò tan gílóòbù pálọ̀, wọ́n kàn jókòó sínú òkùnkùn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò sọ̀rọ̀, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́ pé kí n dẹ́rù bà wọ́n díẹ̀. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n kọjú sí mi gan-an. Wọ́n ní, "Ta nìyẹn?"

Mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀, wọ́n gbọ́ ohùn mi, inú wọn dùn, wọ́n ní kí n jókòó kí wọ́n fún mi lómi. Wọ́n dìde, ọwọ́ wọn ń fẹ̀gbẹ́ kan ògiri, wọ́n mú kọ́ọ̀bù, wọ́n fi ìka ìfábẹ̀lá kọ́ etí ẹ̀ láti inú, wọ́n ń da omi díẹ̀díẹ̀ títí omi fi kan ìka, wọ́n dúró. Ẹ̀kán kan ò ta sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ara mi ti tutù, torí ẹni tó bá ti ń ṣe é tipẹ́ nìkan ló lè mọ̀ ọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ ò ríran ni?"

Wọ́n ní, "Ṣebí mo sọ fún yín. Ẹ ní Àmín."

Kò yé mi. Ìyá Kékeré ló gbé tábúlẹ́ẹ̀tì wá, ó wá fọ́ìsì nóòtì oṣù kejì jáde, ó tẹ̀ ẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni àdúrà lóòótọ́. Ó wá di ìdajì, Màmá ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ojú ọ̀tún mi yìí, ó ti ṣe díẹ̀ tí mi ò fi í rí nǹkan mọ́. Èyí tó kù náà ti ń ṣú láti ẹ̀gbẹ́. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ dààmú o, ẹni tó bá ráyè nínú yín kó yà wò mí. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú mi fọ́ kó tó di ìgbà tí mo bá tún fi rí yín." Abẹ́ ẹ̀ gan-an ni Àmín mẹ́sàn-án wà. Mo tẹ àkọsílẹ̀ ẹ̀ wò, ẹ mọ̀ pé WhatsApp máa ń fi han ẹni tó fi fọ́ìsì nóòtì ránṣẹ́ sí gúrúùpù, àwọn tó rí i àti àwọn tó tẹ̀ ẹ́ gbọ́. Gbogbo wa la rí i. Kò sẹ́nì kan ṣoṣo tó tẹ̀ ẹ́. Tèmi, Àmín mi wọlé nínú ìṣẹ́jú kan náà tí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ó lé jáde lẹ́nu ìyá mi.

Ohun tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Ohun tó dùn mí jù ni pé Màmá rò pé a ti gbọ́. Oṣù mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi rò pé a gbọ́, a sì ti pinnu láti fi àdúrà ṣe é. Wọ́n ní lọ́jọ́ Àjíǹde àwọn ń retí kí ẹnì kan dá ọ̀rọ̀ ojú náà sílẹ̀, nígbà tí kò sẹ́ni tó sọ ọ́, wọ́n ní bóyá owó ló há wa, bóyá ojú ló ń tì wá, wọ́n ò fẹ́ ká máa ronú, wọ́n mẹ́nu kúrò. "Mo wà dáadáa" tí wọ́n ń sọ fún mi láago mẹ́fà lójoojúmọ́, wọ́n ń fi bo àṣírí mi ni.

Mo bi Ìyá Kékeré pé kí ló dé tí ìwọ náà ò sọ. Ó ní, "Ẹ ò bi mí. Ẹ kàn máa ń ní kí n gbé tábúlẹ́ẹ̀tì sókè díẹ̀ ni." Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló wá fi fídíò Àjíǹde hàn mí. Ní ẹ̀gbẹ́ òsì, lẹ́yìn èjìká Bọ̀ọ̀dá tó ń sọ̀rọ̀, Màmá ń bu ewédú, ìpọnbẹ̀ gbéra nínú abọ́, ó fò láfún kọjá, ó dà sórí tábìlì. Ọwọ́ kékeré kan fi àkísà nù ún, ó di ọwọ́ Màmá mú, ó gbé e padà sórí abọ́ láfún. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ. Mo gbé fóònù kékeré Màmá tó ní tọ́ọ̀ṣì, mo tẹ ibi tí àwọn ìpè wà, orúkọ mi tò sílẹ̀ gbọọrọ, òní, àná, ìjẹta, mo ń yí i lọ sísàlẹ̀ orúkọ mi ò tán. Mo ka ọ̀sẹ̀ tí mo wọ ilé yẹn gbẹ̀yìn. Àjíǹde ni.

Ọjọ́ kejì la gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Ọmọ kékeré ni dókítà ọ̀hún, ó gbé àga ẹ̀ sún mọ́ Màmá títí orúnkún wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara, ó ń ṣàlàyé fún wọn, kì í ṣe fún wa. Glaucoma ni. Ó ní omi kan wà nínú ẹyin ojú tó ń ṣàn wọlé tó ń ṣàn jáde, tí kò bá rọ́nà jáde dáadáa, ó máa ń fún ojú látinú, á máa pa okùn iṣan tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sí ọpọlọ. Wọ́n wọn agbára tó fi ń fún un, ó ní ti ẹni tí ojú ẹ̀ dá kì í sábà ju 21 lọ, ti Màmá jẹ́ 38 lọ́tùn-ún, 31 lósì. Kì í dunni, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ké. Ẹ̀gbẹ́ ló ti sábà máa ń jẹ wọlé bí ìgbà tí eku bá ń jẹ aṣọ láti ìṣẹ́tí, àárín á ṣì wà, ẹni náà á rò pé òun ń ríran. Èyí tó ti lọ ò ní padà, oògùn ò lè dá a padà, iṣẹ́ abẹ ò lè dá a padà, ohun tí oògùn lè ṣe ni kó di èyí tó kù mú. Ojú ọ̀tún ti lọ tán. Tòsì, Màmá ń fi í wo ayé bí ẹni tó ń yọjú wo pálọ̀ látinú ihò kọ́kọ́rọ́.

Mo bi í lẹ́yìn, níta, pé oṣù mẹ́rin yẹn ńkọ́. Ó ní òun ò lè sọ iye tí oṣù mẹ́rin mú lọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Kò ní jẹ́ òfo sá o, mà." Ó tún ní àìsàn náà máa ń rìn nínú ẹbí, ó sì máa ń tètè mú àwa aláwọ̀ dúdú, kí gbogbo wa tí a ti lé lógójì ọdún lọ yẹ ojú wa wò.

Mo délé, mo fi fóònù ọmọ mi wọ gúrúùpù, mo kọ ọ́ gùn-ún-gùn, mo sọ ti fọ́ìsì nóòtì, mo sọ ti fídíò, mo ní ó dùn mí pé àwa yìí náà la pe ara wa lọ́mọ. Àṣìṣe mi nìyẹn, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n gbé lẹ́sẹ̀ lọ bá wọn ni mo tún fi ìka tẹ̀. Bọ̀ọ̀dá fi 150,000 náírà ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ fún oògùn, mo sì tẹ "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀ọ̀dá." Ní tèmi, mò ń dúpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wo "Ẹ kú iṣẹ́ o" yẹn, láìsí ohùn, láìsí ojú, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kíkorò tí mo kọ́kọ́ kọ, ẹ sọ fún mi bóyá ọpẹ́ ni àbí èébú. Bọ̀ọ̀dá kà á sí èébú. Wọ́n tẹ "OK", wọ́n jáde nínú gúrúùpù. Àwọn Yorùbá tó ní ojú lọ̀rọ̀ wà, wọn ò tíì rí WhatsApp tí wọ́n ti sọ ọ́ o.

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méje tí Bọ̀ọ̀dá ò fi gbé ìpè mi. Àwa tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí a lè ṣe. Oògùn ojú Màmá jẹ́ oríṣi méjì, ọ̀kan láàárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ọ̀kan tí wọ́n bá fẹ́ sùn, aládùúgbò kan tó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí ń bá wa ṣe tàárọ̀, èmi ni mo mú tìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó lè fi fóònù kán oògùn sójú èèyàn. Màmá á gbé orí sẹ́yìn sára àga, mo máa fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ẹ̀kán kan, wọ́n á dijú, mo máa wá fi ìka tẹ kọ̀rọ̀ ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún bí ìṣẹ́jú méjì kí oògùn má bàa ṣàn lọ sí ọ̀fun. Ìṣẹ́jú méjì yẹn, ọwọ́ mi méjèèjì há, fóònù lè máa ké títí dọ̀la. Mo mú imú Màmá dání, ojú wọn wà níwájú mi, mo rí àwọn ilà tí mi ò rí tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ̀rọ̀. Aṣọ àkọ́kọ́ tí wọ́n tà, iye tí wọ́n tà á. Ìdí tí wọn ò fi fẹ́ kí n fẹ́ ọkọ mi (wọ́n ṣì ń rò ó). Wọ́n sì ní kí n gbé aṣọ mẹ́rìnlá yẹn wá, wọ́n fọwọ́ pa á lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní mẹ́fà nínú ẹ̀, áídírò ti jẹ òwú ẹ̀, kí n yọ owó tí mo lé e kúrò.

Ti Sunday ló ni wá lára díẹ̀. Àǹtí Ìbàdàn ló mú agbọ̀n wá, wọ́n ní gbogbo ẹni tó bá wọlé kó ju fóònù sínú ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló lò. Agbọ̀n ń dún bí ọjà Láfẹ́nwá, gbogbo ìgbà tó bá ké, orí mẹ́wàá á yí síbẹ̀, ọkọ Àǹtí ní òun ń retí ìpè pàtàkì, ìpè pàtàkì náà ò wọlé, wọ́n ṣá ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà tó yá kò sẹ́ni tó bá agbọ̀n wí mọ́. Ohun tó wá ṣiṣẹ́, a ò gbèrò ẹ̀. Màmá ló ní ká máa wá kí oúnjẹ tó jinná, ká má máa wá lẹ́yìn tó bá jinná. Wọ́n da ìdì ewédú sílẹ̀ láàárín pálọ̀, wọ́n ní ó yá, ẹ já a. Ọwọ́ méjèèjì la fi ń já ewédú. Ẹ ò lè fi ọwọ́ kan já a kí ẹ máa fi èkejì tẹ status. Màmá ò nílò ojú fún ìyẹn, ìka wọn ń bọ́ ewé kúrò lára igi ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, wọ́n á ti parí ìdì kan kí ọmọ Bọ̀ọ̀dá tó já ẹ̀ka méjì, wọ́n á wá máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Tí kò bá sí ewédú, a ó ṣa òkúta kúrò nínú ọ̀fadà, tàbí ká bó ẹ̀gúsí. Kánádà náà kò jáde níbẹ̀, Ìyá Kékeré gbé tábúlẹ́ẹ̀tì ti ìgò omi lórí kọ́bọ́ọ̀dù, kò gbé e dání mọ́, àbúrò mi lọ́hùn-ún á máa gé àlùbọ́sà tiẹ̀, bí ẹni pé ó wà nínú pálọ̀ náà ni, ó lè tó wákàtí kan kí ẹnikẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀. Ó ní òun fẹ́ràn ẹ̀ ju ìgbà tí a ń kígbe "ṣé ẹ ń gbọ́ mi" lọ.

Àyè Bọ̀ọ̀dá ṣá ṣófo. Ní ìparí oṣù kẹjọ, mo gbé fóònù pé kí n tún pè wọ́n, Màmá ní, "Má pè é. Lọ bá a." Wọ́n ká aṣọ àdìrẹ ògbólógbòó kan fún mi, èyí tí wọ́n fi pọn Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní kí n mú un lọ. Àrokò ni. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi tó máa gbé e lọ gan-an ni iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Mo wọ rélùwéè ní ibùdó Wole Soyinka ní Láderin, mo sọ̀ ní Agége, mo dé ilé Bọ̀ọ̀dá láì sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n wò mí, wọ́n wo aṣọ ọwọ́ mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀ọ̀dá." Ọ̀rọ̀ kan náà tí mo tẹ̀ nìyẹn o, mi ò fi nǹkan kún un. Wọ́n kọ́kọ́ fajú ro, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ṣé bó o ṣe fẹ́ sọ ọ́ nìyẹn?" Àwa méjèèjì jókòó sí ẹnu ọ̀nà, a ò tíì wọlé tí ọ̀rọ̀ ti parí. Wọ́n sọ ohun tí wọn ò lè tẹ̀ fún mi, pé nígbà tí wọ́n wá gbọ́ fọ́ìsì nóòtì yẹn tán, ojú ló tì wọ́n, pé láti orí ojú tó tì wọ́n ni ìbínú ti wá. Wọ́n ti lọ yẹ ojú wọn wò pẹ̀lú. Tiwọn jẹ́ 27. Wọ́n ti ń kán oògùn.

Sátidé tó tẹ̀lé e, Bọ̀ọ̀dá wá sí Kẹ́mta. Bí wọ́n ṣe dọ̀bálẹ̀ níwájú Màmá, fìlà wọn ṣí. Màmá ò mọ̀ pé ó ṣí, wọ́n na ọwọ́ kí wọ́n fi súre fún un lórí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ọwọ́ wọn bà lé orí tó ń dán bí igbá. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n fi ọwọ́ kejì kún un. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí orí náà ká, láti iwájú lọ sẹ́yìn, wọ́n tún padà wá síwájú.

"Ta ló fá orí ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó fá a, Màmá. Ó pá ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́rin, Màmá."

Èmi náà ò mọ̀. Gbogbo Sunday tá a fi ń pe fídíò kọ́ọ̀lù, fìlà wà lórí Bọ̀ọ̀dá, lọ́jọ́ Àjíǹde pàápàá fìlà wà lórí wọn, kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Màmá ò tíì gbé ọwọ́ kúrò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ níkùn kó tó dé ẹnu, Bọ̀ọ̀dá ṣì dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ tí Màmá ń pa á lórí.

"Bí ti bàbá yín ṣe rí nìyí," wọ́n ní. "Ọdún mẹ́rin! Ẹ̀yin lẹ wá ń sọ pé èmi ni mi ò tètè sọ̀rọ̀."